Òpó Kẹrin Ilé Juno

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Amplio ti ń kọlà fún òpó. Òun kọ́ ní ń gé òkúta lórí òkè, òun kọ́ ní ń fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ wá sí ìlú, òun kọ́ sì ní ń gbé e nàró. Ìgbà tí òkúta bá ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí ìtì igi nínú ọgbà ilé òrìṣà, tí ara rẹ̀ ṣì rí ṣákaṣàka, ni iṣẹ́ tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Á rẹ òwú sínú omi ilẹ̀ pupa, á nà án láti orí òpó dé ìdí, á ta á kí àmì rẹ̀ lè hàn lára òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ìlà yóò fi pé mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà ni yóò mú irin àti òòlù, tí yóò gbẹ́ ojú ilà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lókè àti ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nísàlẹ̀. Ìyókù di ìgbà tí òpó bá dúró. Ìdí nìyí tí gbogbo ìlú Luna fi ń pè é ní Bàbá Olóòlà. Wọ́n ní òun nìkan ni olóòlà tí ọmọ kò sunkún lábẹ́ abẹ rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà ti fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wúkọ́ eruku. Etí òsì rẹ̀ ti di pátápátá nítorí ariwo irin, etí ọ̀tún náà sì ń gbọ́ bó bá ṣe wù ú. Bí èèyàn bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò gbà yọ.

Òpó mẹ́ta ti dúró níwájú ilé òrìṣà Juno. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, àwọn àlùfáà sì ti mú ọjọ́ tí wọn yóò gbé e nàró. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ní àárọ̀, Amplio mú òòlù onígi rẹ̀, ó rìn láti ìdí òpó lọ sí orí rẹ̀, ó ń kàn án lára bó ṣe máa ń ṣe kó tó fọwọ́ kan òkúta èyíkéyìí. Òkúta mábù tí ara rẹ̀ dá máa ń kọrin ni, á dún kíìn, ohùn náà á sì rìn lọ títí. Ìdí òpó dún kíìn. Ó sún síwájú, ó dún kíìn. Nígbà tó kọjá àárín díẹ̀, ó kàn án, ó dún pọ̀.

Ó dúró. Ó tún un kàn. Pọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìkòkò tó ti sán.

Ó wo ara òkúta náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, kò rí nǹkan kan. Ó yí orí padà, ó gbé etí ọ̀tún lé e, ó kàn án ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí kò mọ̀ bóyá pọ̀ ni tàbí kíìn. Àyà rẹ̀ já.

Ohun tó já a láyà ju òkúta lọ. Ẹni tó yan òkúta náà lórí òkè, tó gbé e sọ̀kalẹ̀, tó sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò lábùkù, Cinnamus ni, olórí àwọn agékúta, àna Amplio. Dama ọmọ Cinnamus ló fẹ́ Helpis, ọmọ kan ṣoṣo tí Amplio bí. Dama yìí kan náà sì ni olórí àwọn tó ń fi okùn gbé òpó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé òpó, bí ó bá ti nàró sójú òfuurufú tán, Dama ní í wọ abẹ́ rẹ̀, tí í fi ọwọ́ méjèèjì darí rẹ̀ kó lè jókòó sórí ìpìlẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe. Oyún Helpis sì ti pé oṣù mẹ́jọ.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń sọ òpó kẹrin yìí kalẹ̀ láti orí òkè, okùn kan já. Òpó náà yọ̀ lọ bí ẹsẹ̀ bàtà ogójì kó tó lọ sọ lu kùkùté igi, ibẹ̀ ló dúró sí. Cinnamus wò ó yíká, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ta ni yóò wá dìde sọ pé nǹkan ṣe é?

Lọ́sàn-án, Cinnamus sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn ìbaaka rẹ̀. Ó bá àwọn agbẹ́kùúta lábẹ́ àtíbàbà níbi tí wọ́n ti ń fi búrẹ́dì jẹ wàràkàṣì àti àlùbọ́sà. Èèyàn ńlá ni, ikùn ń ṣíwájú, ẹ̀rín ń tẹ̀ lé e.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí.

"Ẹ kú ìrìn, àna mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé ìdí òkúta yìí."

Wọ́n dé ibẹ̀. Amplio kàn án ní òòlù. "Ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí ni kí n gbọ́?"

"Ó dún pọ̀."

Cinnamus bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà. "Ẹ gbọ́ o! Etí tí kò gbọ́ olóògbé ìyá Helpis, kí ilẹ̀ fúyẹ́ lórí rẹ̀, nígbà tó ń pe Bàbá Olóòlà síbi oúnjẹ títí oúnjẹ fi ń tutù, etí yẹn náà ló ń gbọ́ àṣírí inú òkúta lónìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì há ọ̀kan nínú wọn lọ́fun.

"Etí ọ̀tún ni mo fi gbọ́ ọ," ni Amplio wí.

"Ìyẹn náà ti ń kó ẹrù rẹ̀ jọ, ó fẹ́ tẹ̀ lé èkejì."

Amplio rẹ ohùn sílẹ̀. "Àna mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá yín lẹ́bi. Okùn tó já lọ́jọ́ yẹn ni mo ń rò."

Ẹ̀rín kúrò lójú Cinnamus bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fìtílà pa. "Ta ní ń sọ̀rọ̀ okùn? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wá gbogbo ara rẹ̀. Ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀ ni àbí èmi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Amplio. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti di àna, Cinnamus kò pè é ní ìwọ rí. Cinnamus yíjú, ó lọ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìbaaka kan tó bu olówó rẹ̀ jẹ. Àwọn yòókù tún rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ Amplio gba ilé ọmọ rẹ̀ lọ. Helpis jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń pa ẹ̀wà. Dama kò tíì dé. Amplio kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bi í léèrè nípa ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, nípa omi, nípa agbẹ̀bí.

"Bàbá," ni Helpis wí, "ojú yín kò sí lára mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó bá sọ fún un. Ọwọ́ Helpis dúró nínú ẹ̀wà.

"Ṣé ẹ mọ̀ ni, àbí ẹ rò?"

"Mo rò."

"Bí ẹ bá wí, tí kò rí bẹ́ẹ̀, ojú wo ni màá fi máa wo bàbá ọkọ mi nínú ilé yìí? Wọ́n á ní bàbá mi fẹ́ ba orúkọ àwọn jẹ́. Bí ẹ kò bá sì wí..." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Mo ní bóyá o lè dá Dama dúró sílé lọ́jọ́ náà. Kó ní ara òun kò yá."

Helpis wò ó títí. "Bí Dama kò bá wọ abẹ́ òpó yẹn, ẹlòmíì á wọ ibẹ̀. Ẹlòmíì náà níyàwó, Bàbá."

Ojú ti Amplio. Ó wo ilẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Helpis ní ọ̀rọ̀ náà nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ẹ lọ wá ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ má rò ó mọ́. Ẹ lọ mọ̀ ọ́n."

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ó ti wà nídìí òpó. Ó fi iyanrìn àti òkúta afúyẹ́ ra ojú ibi tó dún pọ̀ yẹn títí ó fi ń dán. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ ọtí kíkan, ó dà á sí i, ó jẹ́ kó dúró, ó sì fi aṣọ nù ún. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń gbẹ. Bí òkúta bá là, ojú ibi tó là ní í gbẹ gbẹ̀yìn.

Nǹkan kan hàn. Kò nípọn ju irun orí lọ, kò sì gùn ju ìka kan. Ó pupa díẹ̀. Àbí kò pupa? Òkúta Luna ní iṣan aláwọ̀ eérú lára, èyí sì lè jẹ́ iṣan lásán. Ó dijú, ó là á. Ìgbà mìíràn á rí i, ìgbà mìíràn kò ní rí i. Ó ronú pé bóyá ẹ̀rù ló ń ya á sójú òun.

Síbẹ̀ ó lọ pe Turranius, ọ̀gá tó gba iṣẹ́ ilé òrìṣà náà. Turranius bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó na orúnkún.

"Iṣan ni," ló wí.

"Ọ̀gá, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dún pọ̀."

"Bàbá Olóòlà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀la làwọn ìjòyè ń bọ̀. Wọ́n ti ra màlúù tí wọ́n máa fi bọ Juno. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé baba kan tí etí rẹ̀ di gbọ́ ohun tí etí tó là kò gbọ́? Cinnamus ní òkúta náà dá. Ṣé Cinnamus kò mọ iṣẹ́ ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Ó parí nìyẹn."

Kò parí. Ní gbogbo ọjọ́ náà, Amplio gbẹ́ ojú ilà, òòlù rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó ń gbẹ́. Dama ń yí ẹ̀rọ onígi tí wọn yóò fi gbé òpó ká, ó ń fi ọ̀rá pa okùn, ó ń súfèé. Ó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í rìn láìsúfèé. Nígbàkígbà tí súfèé náà bá dá, Amplio á gbé ojú sókè wò ó, bí ẹni pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ tí wọn yóò gbé òpó nàró mọ́. Èrò ti pé sí ọgbà kí oòrùn tó yọ tán. Màlúù funfun kan dúró lẹ́bàá òpó kìíní, wọ́n fi òdòdó yí i lórí. Àwọn ìjòyè jókòó. Wọ́n ti kó okùn sún mọ́ òkúta, Dama sì ti bọ́ ẹ̀wù òkè, nígbà tí Amplio jáde síwájú, tó lọ dúró láàárín okùn àti òpó.

"Ọ̀gá Turranius," ló wí, "mo bẹ̀bẹ̀, ẹ fún mi ní ìwọ̀nba àkókò díẹ̀. Ẹ jẹ́ n kan irin ìlàkúta sí ojú ilà kan, níbi tó ti dún pọ̀. Ojú ilà náà ni màá padà wá gbẹ́ dànù. Bí òkúta bá dá, ojú ibi tí irin wọ̀ kò ní sí mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án."

Ariwo sọ. Turranius wo ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà kan, gbé ọwọ́ sókè. "Ó dà bíi pé ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ jẹ́ ó ṣe é."

"Báwo ni ilà ṣe jìn tó?" ni Turranius bi í.

"Ìka méjì."

Turranius gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi èédú fa àmì sí i níbi ìka méjì. "Àmì yìí nìyí. Bí irin bá kọjá rẹ̀, ojú ihò á kù lára òpó Juno títí ayé. O ó sì ti bà á jẹ́ níwájú gbogbo ìlú. Orúkọ rẹ á kúrò nínú ẹgbẹ́ agbẹ́kùúta. Bí o bá kú, ẹgbẹ́ kò ní sin ọ́, wọn kò ní da ọtí sí ojú oórì rẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Dama sún mọ́ ọn ní apá ọ̀tún. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ nítorí tèmi ni, ẹ má ṣe é. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Padà sẹ́yìn, ọmọ mi."

Ó la ojú ihò kékeré, ó ti ẹnu irin bọ̀ ọ́, ó gbé òòlù irin. Ó kàn án. Irin dún kíìn, ohùn náà lọ yíká ọgbà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó tún un kàn. Kíìn. Irin wọlé díẹ̀. Òógùn bọ́ sí i lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, eruku sì fún un ní ojú funfun bíi ti òkú. Ó kàn án, ó kàn án. Àmì èédú ń sún mọ́ òkúta. Ó ku ìdajì ìka. Ó ku bí ìbú ewé koríko. Nígbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, àmì èédú àti ojú òkúta pàdé.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó tó," ni Turranius wí. "Yọ irin rẹ."

Amplio gbé ojú sókè, ó ń wá ibi tí yóò wò. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ti Cinnamus. Àna rẹ̀ dúró lẹ́bàá màlúù, ó yẹ kí ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan nísinsìnyí, ó yẹ kó ti máa sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ṣebí òun wí. Ṣùgbọ́n Cinnamus kò rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti funfun. Kò wo Amplio, kò wo Turranius, ojú rẹ̀ kò kúrò lára òkúta, ó sì di okùn ọrùn màlúù náà mú bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Etí lè tan èèyàn jẹ, ojú náà lè tan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lójú àna rẹ̀ yẹn, Amplio mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ ló ti wà láyà òun láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ó gbé òòlù.

"Mo ní ó tó!" ni Turranius kígbe.

Amplio kàn án.

Àmì èédú wọ inú òkúta. Nǹkan kan ta ṣáá, bí ẹ̀ka gbígbẹ tí èèyàn tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó sáré lọ sápá òsì, ó sáré lọ sápá ọ̀tún, ó wọ abẹ́ òpó lọ. Fún ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan, òkúta náà wà bẹ́ẹ̀. Ó wá ya sí méjì. Apá orí rẹ̀ jábọ́ kúrò lórí ìtì igi, ilẹ̀ mì, màlúù ké, ó já okùn gbà lọ́wọ́ Cinnamus, àwọn èèyàn tú ká fún un.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n rí inú òkúta. Kò funfun. Ó pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ìyẹn ni pé láti ìgbà tí òkè ti wà ni omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìwọ̀nba etí rẹ̀ yíká, tí kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, ló mọ́ funfun. Ìka mẹ́ta yìí nìkan ló di òpó náà mú. Okùn tó já kọ́ ló ṣe é.

Dama rìn wá, ó wo ojú ibẹ̀, ó wo ìpìlẹ̀ níbi tí òun ì bá ti tẹ ọwọ́ méjèèjì. Kò súfèé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì okùn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbóríyìn fún Amplio lọ́jọ́ náà. Turranius ń pariwo mọ́ onílé àti àlejò. Àwọn àlùfáà ní Juno kò gba ọjọ́ náà ni, kí wọ́n wá òmíràn lẹ́yìn ìkórè àjàrà. Amplio ń kó irin rẹ̀ sínú àpò nígbà tí Cinnamus wá bá a, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Pọ̀ yẹn. Lórí òkè, ọjọ́ tí a yọ ọ́ kúrò lára àpáta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kàn án níbẹ̀. Mo ní atẹ́gùn ni. Mi ò tún un kàn mọ́ títí a fi gbé e dé ìsàlẹ̀." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ọmọ mi ni mo fẹ́ tì sábẹ́ rẹ̀, àna mi. Ọmọ bíbí inú mi."

Inú ń bí Amplio, àánú sì ń ṣe é, kò mọ èwo ló ṣáájú. Ó so ẹnu àpò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Helpis," ló wí nígbẹ̀yìn, "kó má lọ gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn."

Cinnamus lọ bá Turranius fúnra rẹ̀, ó ní òun kò ṣe olórí lórí òkè mọ́, àwọn agékúta sì yan ẹlòmíì. Nínú ilé, ó di oṣù kan gbáko kí Helpis tó lè bu omi fún bàbá ọkọ rẹ̀ láìyíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bí obìnrin. Cinnamus ló gbé ọmọ náà sókè nílẹ̀ pẹ̀lú Dama, bí àṣà tí wọ́n fi ń gba ọmọ sínú ilé, ó sì sunkún débi pé agbẹ̀bí ní kó jáde.

Lẹ́yìn ìkórè àjàrà, òpó tuntun sọ̀kalẹ̀ wá. Kó tó kúrò lórí òkè, wọ́n ránṣẹ́ pe Amplio, ó gun ìbaaka lọ síbẹ̀. Òun àti Cinnamus jọ kan òkúta náà láti ìdí dé orí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀kan ń kàn án, èkejì ń gbọ́. Kíìn ló dún níbi gbogbo. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e nàró, Amplio kò lè wò ó. Ó dojú kọ ògiri, ó ń gbọ́ bí okùn ṣe ń dún, bí Turranius ṣe ń pàṣẹ, bí àwọn ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ ṣe ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì mọ̀ bóyá ìdákẹ́jẹ́ ni tàbí etí rẹ̀.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká. Cinnamus ni, ó mú ife ọtí wáìnì lọ́wọ́.

"Ó ti jókòó," ló wí. "Dama ti jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yíjú sí wa."

Amplio yíjú. Òpó mẹ́rin ló dúró. Dama wà lókè ìpìlẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Amplio na ọwọ́ sí ife náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọtí ń dà sílẹ̀. Àna rẹ̀ bá gbà á padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sí i lẹ́nu, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi mu ún tán.